Ojú L'Ọba Ara: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ayẹyẹ Ọdún Kẹwàá Ẹgbẹ́ Wa

 

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì pé ogójì ọdún. Lónìí, a ti ń na fóònù jìnnà sójú kí a tó lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀. A ń fi í ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn dókítà ojú lọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè wò. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 13,000. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní mẹ́rin tó fọ́jú. Èyí tó dùn wá jù ni pé nínú ọgọ́rùn-ún afọ́jú, 84 ni ìfọ́jú wọn ṣe é dènà tàbí kí a wò ó sàn.

Kataráàtì ló ṣáájú: òun ló fọ́ ojú bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Dígí inú ẹyin ojú ló máa ń ṣú, tí á funfun bí omi ẹ̀kọ. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Kò sí àgbo tí a lè kán sí i tí yóò tú u. Iṣẹ́ abẹ ni: kí wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n fi dígí kékeré mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan wà tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ti kataráàtì náà wọ inú ojú lọ. Aláìsàn á rí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, á sanwó, á jó. Kó tó pẹ́, oníṣẹ́ ti lọ, ojú ti ń pọ́n. Ìwádìí yẹn kan náà ka ojú tí wọ́n ṣe báyìí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ti fọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìyá ọ̀kan nínú wa. Ojú ọ̀tún ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ ti. Dókítà ló ṣe ti òsì. Ojú òsì yẹn ni màmá fi ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà lónìí.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn náà ló yọrí sí rere. Àwọn tí wọ́n fi dígí sí lójú ríran ju àwọn tí wọn kò fi sí lọ. Nítorí náà, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbà: "Dókítà, ṣé ẹ máa fi dígí sí i?" Ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

Èkejì ni gùlókómà, olè tí kì í kanlẹ̀kùn. Kì í sábà dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń kó ìríran lọ, ohun tó bá sì kó kì í padà. Ìtọ́jú kàn lè dáàbò bo èyí tó kù. Lára àwọn tí wọ́n bá a lójú wọn, ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń rìn nínú ẹbí: bí bàbá bá ní in, kí ọmọ àti àbúrò tètè lọ yẹ ojú wò. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé ra ògùn ojú tí dókítà kò kọ fún yín. Àwọn kan nínú wọn ń fa gùlókómà.

A ti pinnu nínú ìpàdé wa pé kí àjọ̀dún tó ń bọ̀ tó dé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, yóò sì mú àgbà kan nínú ilé rẹ̀ dání. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Òṣogbo, ó wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá lówó ọkọ̀, kó sọ fún akápò.

Aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ lónìí dára. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa lè rí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún, kí a sì fi ojú wa rí i. Àṣẹ.