Òtútù Tí Ń Pa Irú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mọ́

Ìtọ́jú irú àgbàdo àti ẹ̀wà kò le, nítorí hóró wọn tó bá ti gbẹ dáadáa ṣeé kó sínú yàrá olótùútù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn ń jẹ kò ní hóró nínú, ọmọ tó bá hù nídìí ìyá rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń yọ lọ gbìn. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò bá ti sí lóko ẹnikẹ́ni mọ́ ti run nìyẹn, tòun ti àbùdá rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun àjogúnbá tó ń pinnu adùn rẹ̀ àti agbára rẹ̀ láti kojú àrùn. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ náà kò jìnnà sí i, ìdí sì nìyí tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, fi ń tọ́jú wọn bí ewéko kéékèèké nínú ìgò. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìgò ń dàgbà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé e sínú ìgò mìíràn lemọ́lemọ́, bí wọ́n bá sì ṣi orúkọ kọ sára ẹyọ kan, irú kan ti di òmíràn nìyẹn.

Náítírójínì olómi, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n sọ di omi, tó tutù tó ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo, lè dá ìdàgbà yìí dúró pátápátá. Ohun tó ṣòro ni omi inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá tíntìntín tí ara ohun abẹ̀mí pín sí, torí pé bí ó bá di yìnyín, á mú bí abẹ, á sì ya yàrá náà. Ní 1960, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Akira Sakai ní Sapporo, ilẹ̀ Japan, kọ́kọ́ mú ẹ̀ka igi mọ́líbẹ́rì, igi tí kòkòrò sẹ́dà ń jẹ ewé rẹ̀, tutù díẹ̀díẹ̀ dé ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo kí omi lè jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ló tó rì í sínú náítírójínì, ẹ̀ka náà kò sì kú. Igi ilẹ̀ olótùútù ni mọ́líbẹ́rì, ara rẹ̀ ti mọ yìnyín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ní 1990 ni Sakai àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpòpọ̀ glisẹrọ́ọ̀lù, ṣúgà àti kẹ́míkà méjì mìíràn jáde, èyí tó ń mú kí omi inú sẹ́ẹ̀lì ki bí oyin, kí ó sì le bí gíláàsì láìdi yìnyín.

Ní Leuven, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí wọ́n ti ń kó irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ láti 1985, ọ̀mùnú tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni wọ́n ń gé lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú àpòpọ̀ náà, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀kán àpòpọ̀ yẹn kan lórí fọ́ìlì pẹlẹbẹ, wọ́n á sì tì í bọ inú náítírójínì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyọ́ rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ falẹ̀, inú omi ṣúgà tí kò tutù ni wọ́n ń jù ú sí ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Náítírójínì kì í sì í dúró sójú kan: ó ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti inú àgbá rẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa bu òmíràn sí i.