Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Sàká



Bí òṣìṣẹ́ bá gbé àpò sìmẹ́ńtì níbi iṣẹ́, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìdílé rẹ̀ rò pé sàká nìkan ló kù. Òfin ọdún 2010 fún un ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú lọ́dọ̀ àjọ NSITF. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà; kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́.

Kí ó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7, kí ó sì béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Bí ìpalára náà bá la ikú lọ, opó àti àwọn ọmọ òrukàn ló ni ẹ̀tọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a máa bá wọn kọ ìwé náà lásìkò, kí sàká wa lè tó ẹni tí kò ní ibòmíràn í yà sí. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.