Adelé Ẹnu Ilé: Peter Rufai Nídìí Bọ́ọ̀lù

Festac Town ni ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977. Níbẹ̀ àti ní ìyókù Amuwo-Odofin, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ni ó ń lálàá àtilọ sí Yúróòpù. Ó yẹ kí olùkọ́ wọn sọ fún wọn pé ènìyàn lè dé ibẹ̀ kí ó sì máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Àpẹẹrẹ kan ni Peter Rufai, aṣọ́lé tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963.

Láti Stationery Stores, ó kọjá sí Dragons de l'Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Lokeren, Beveren, Go Ahead Eagles, Farense, Hércules, Deportivo La Coruña àti Gil Vicente. Ẹyẹ tí ń fò láti igi dé igi kì í ṣe aláìnílé. Oúnjẹ ni ó ń wá.

Ó mọ adùn àti ìkorò iṣẹ́ náà. Òun ni ó wà lẹ́nu ilé nígbà tí Cameroon fi 3-1 gba ife Áfíríkà mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ọdún 1984, àti nígbà tí wọ́n tún fi 1-0 gbà á ní 1988. Kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1994, ní Tunisia, Nàìjíríà fi 2-1 borí Zambia.

Ní ọdún 1997 ó dé Deportivo. Jacques Songo'o, ọmọ Cameroon, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn Zamora fún aṣọ́lé tí ó peregedé jù lọ ní Spain, ni ó di ipò mú. Rufai wá di adelé. Adelé kò gbọdọ̀ sùn, nítorí ìgbàkígbà ni onílé lè fara pa. Irú wọn wà nínú eré baseball ti Amẹ́ríkà: ajùbọ́ọ̀lù tí ń jókòó títí àárẹ̀ yóò fi mú ẹni àkọ́kọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, baba rẹ̀, ọba Idimu, wàjà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀ǹda kí ó wálé jíròrò ọ̀rọ̀ oyè. Rufai kò gba oyè náà. Ẹni tí ó lè gorí ìtẹ́ padà sídìí iṣẹ́ adelé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, òun ni ó ṣọ́lé nígbà tí Nàìjíríà fi 3-2 borí Spain nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Denmark ni ó fi 4-1 lé wọn jáde.

Ǹjẹ́ ó gbọ́n? Ẹni tí ó ka oyè sí ọlá tí kò lẹ́gbẹ́ yóò ní kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn jogún yàtọ̀ sí ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Rufai kú ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2025. Kí olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ Amuwo-Odofin má fi ìtàn ife nìkan kọ́ wọn; kí ó fi ìtàn ìjókòó kún un.