Ìyá Ọmọ Ni Kí A Bu Omi Fún: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Oúnjẹ Ọmọ Tuntun ní Ìlú Kìṣí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ tọ́ ohunkóhun wò, ìbáà ṣe omi lásán, àfi ọmú ìyá rẹ̀, títí yóò fi pé oṣù 6.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní Òkè-Ògùn, tí koríko ọ̀dàn gbẹ, tí kànga ń fà sísàlẹ̀ láti Kìṣí dé Ṣakí, ta ni yóò gbọ́ igbe ìkókó tí kò ní wí pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́? Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà yóò ti na ẹsẹ̀, tí yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, tí yóò ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tí yóò máa da omi tàbí àgbo sí i. Bí ọmọ kò bá sì fẹ́ gbé e mì, yóò dí i nímú títí yóò fi gbé e mì. Ìfẹ́ ló fi ń rọ ọmọ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe rọ òun náà. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè gbẹ̀mí ọmọ. Èyí tí ó bá sì wọ inú lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé, a sì tún gba àyè ọmú. Bí ọmọ kò bá sì mu ọmú tó, ọmú náà yóò máa dínkù, nítorí mímu ni ó ń mú un sun.

Omi kò lọ́tàá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá pín omi ọmú sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 nínú rẹ̀ ni omi gan-an, tí ó mọ́, tí kò sì fẹ́ sísè. Nítorí náà, bí oòrùn bá mú, kí a gbé ọmú fún ọmọ léraléra, kí a sì bu omi tútù fún ìyá rẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn kan ń fún dànù, òun gan-an ni ààbò àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́dàá pèsè fún ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Láàrin wákàtí kan tí a bí i ni kí ó ti mu ún.

Ọdún 2001 ni àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fẹnu kò sí oṣù 6 yìí. Síbẹ̀, ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ni ń mu ọmú nìkan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé ọmú kò tó ọmọ, òṣùwọ̀n ni kí ó lọ bi. Ní bí ọdún 1957, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń wọn àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí páálí tí ìyá ọmọ ń mú relé. Bí ìlà kò bá gòkè mọ́, wọn a mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀. Irú páálí bẹ́ẹ̀ ti kárí ayé lónìí. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè, tí ó sì ń tọ̀ tó ìgbà 6 lóòjọ́, ń yó.

Oògùn tí dókítà bá kọ fún ọmọ kò sí lára ohun tí a ní kí ó má tọ́ wò. Bí oṣù 6 bá pé, kí ògì tí a fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin lú bẹ̀rẹ̀, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún 2.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀: ọwọ́ yín ni àṣà rírọ ọmọ wà, ọwọ́ yín náà ni yóò ti dópin. Ẹ bá ìyá ọmọ pọnmi, ẹ bá a dáná, kí ó lè ráyè jókòó fún ọmọ lọ́mú.