Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ àti Abẹ́rẹ́ Àjẹsára



Nígbà tí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án bá gba abẹ́rẹ́ èèyi, kí ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣe lára rẹ̀? Abẹ́rẹ́ kì í fúnra rẹ̀ jà. Ó ń fi ọ̀tá han àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ ni, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá dé. Àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí a sì máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè pọ̀, wọ́n nílò irin. Kì í ṣe irin alágbẹ̀dẹ ni mo wí o. Irin tíntìntín inú oúnjẹ ni, èyí tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n.

Inú ìyá ni ọmọ ti ń gbé irin tirẹ̀ wá sáyé. Bí oṣù rẹ̀ bá pé kí a tó bí i, irin náà lè tó o fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Omi ọmú dára púpọ̀, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá wá jẹ́ ẹ̀kọ lásán ni a fi kún un, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò ní í tó.

Àwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní etíkun gúúsù Kenya, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Fún oṣù mẹ́rin, wọ́n ń po ìyẹ̀fun oúnjẹ aṣaralóore mọ́ ẹ̀kọ àwọn ọmọ. Irin mílígíráàmù 5 wà nínú ti àwọn kan lójoojúmọ́. Kò sí nínú ti àwọn kan. Gbogbo wọn gba abẹ́rẹ́ èèyi. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ààbò èèyi lágbára jù lára àwọn tí ó jẹ irin.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ ra oògùn irin! Ní erékùṣù Pemba, ní Tanzania, níbi tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀, wọ́n dá fífún àwọn ọmọdé ní irin dúró ní 2003, nítorí pé àìsàn líle àti ikú pọ̀ sí i láàrin wọn. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kí ó yẹ ọmọ wò, kí ó sì sọ ìwọ̀n.

Kí ni ẹ ó wá ṣe? Ẹ má pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ kankan jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá tilẹ̀ tó, abẹ́rẹ́ ṣì wúlò fún un. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àpò ẹ̀fọn. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ lọ ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà kúnná sínú oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní omi ọsàn díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè gba irin náà dáadáa.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.