Láti Ìṣákọ́lẹ̀ dé Owó Yàrá Ní Ọ̀jọ́

Kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀jọ́ ní 1983, nígbà ìṣèjọba Lateef Jakande, àwọn ìdílé Àwórì ló ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìba, àlejò tó bá sì gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ wọn a máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn irè oko tàbí owó tó fi ń jẹ́wọ́ pé onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin yìí kò sọ asanṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá ní Okokomaiko, ní Ọ̀jọ́, lónìí kì í ṣe asanṣákọ́lẹ̀ bí kò ṣe ayálégbé, òfin mìíràn ló sì ń dáàbò bò ó: Òfin Ìgbélé Èkó ti 2011, tó yọ Ìkòyí àti Apapa sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò yọ Ọ̀jọ́, kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì pàṣẹ pé kí rìsíìtì fi ọjọ́, orúkọ onílé àti ayálégbé, àdírẹ́sì ilé, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún hàn.