Ṣé ó yẹ kí ẹ kan gáràjì ẹ̀rọ sí ilé ìdáná yín? Ọ̀rọ̀ fún ará Commerce ní Bouaké

Ọ̀rọ̀ káfíńtà ni ọ̀rọ̀ òní, àmọ́ owó àpò yín ló wà nídìí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní gáràjì, ohun tó máa ń sọ sí ọmọ Yorùbá lọ́kàn ni ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ní Bouaké, gare ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni garage. Gáràjì ti òní kò gba ọkọ̀ rárá. Àpótí kan ni, tí káfíńtà máa ń kàn mọ́ orí pẹpẹ ilé ìdáná, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri. Ó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbé sókè, tàbí èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni blẹ́ńdà, kẹ́tùlù oníná àti ẹ̀rọ tó ń yan búrẹ́dì máa ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ ṣí i, ẹ fà wọ́n síwájú. Bí ẹ bá parí, ẹ tì wọ́n padà, ẹ pa á dé.

Kì í ṣe ohun tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1900 ni ilé iṣẹ́ Hoosier ní ìlú New Castle, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ti ń ta kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní ibi ìyẹ̀fun, asẹ́, ibi ṣúgà àti ilẹ̀kùn kíká, kí ìyàwó ilé lè dúró lójú kan po ìyẹ̀fun búrẹ́dì rẹ̀. Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ayàwòrán-ilé ọmọ Austria, ya àwòrán ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún òṣìṣẹ́. Mítà 1.9 ni ìbú rẹ̀, mítà 3.4 ni gígùn rẹ̀, nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́. Ohun tí obìnrin náà gbájú mọ́ ni iye ìgbà tí alásè ń ṣí ẹsẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Kì í ṣe ojú àlejò ló ń rò. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹwà ni àwọn fídíò orí fóònù ń fi gáràjì ẹ̀rọ polówó lónìí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ẹjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé wọ́n ń sọ Faransé ní Ẹjìgbò fúnra rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ ká mú tọkọtìyàwó kan tó ti Ẹjìgbò wá ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n ń gbé nínú ilé tí wọ́n háyà ní Commerce, lókè ṣọ́ọ̀bù, ilé ìdáná wọn sì tóóró. Ọkọ ti rí gáràjì ẹ̀rọ lórí fóònù, ó ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Ìyàwó kò bá a jà. Ìbéèrè kan ló bi í: "Bàbá wa, níbo lẹ fẹ́ kí odó wà?"

Kò sí gáràjì ẹ̀rọ kankan tó gba odó. Odó àti ọlọ ni ọwọ́ ìyàwó náà ń kàn jù. Attiéké, ní tirẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń tà á ló ti ń rà á. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílé, blẹ́ńdà nìkan ló ń lò lójoojúmọ́, fún ata. Ẹ̀rọ búrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n ọkọ ló fún wọn, ó ṣì wà nínú páálí. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: gáràjì ẹ̀rọ wà fún ẹ̀rọ tí ọwọ́ yín ń kàn lójúmọ́ tó wúwo jù láti máa gbé sókè gbé sílẹ̀. Èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ti tó o.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn pẹpẹ yín. Pẹpẹ ilé ìdáná sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 láti ara ògiri sí etí. Bí àpótí bá gba 40, 20 ló kù, a kì í sì í gé ẹ̀fọ́ lórí 20. Láàrin pẹpẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù òkè, 45 sí 50 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀. Blẹ́ńdà tó ní ife gígùn lè sún mọ́ 40, nítorí náà bí pákó àti ilẹ̀kùn bá mú tiwọn, ẹ lè rí i pé blẹ́ńdà kò ní wọlé àfi bí ẹ bá yọ ife orí rẹ̀. Ẹ fi blẹ́ńdà gan-an wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Iná ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú àpótí kò bí iná. Ẹ wo ìwé owó iná tí CIE ń mú wá, ẹ ó rí ìwọ̀n ampere tí ilé yín gbà. Àwọn ilé kan wà lórí ampere 5. Bí ẹ bá fi 5 lu 220 tó jẹ́ agbára iná Côte d'Ivoire, 1,100 watt ni. Kẹ́tùlù oníná kan ṣoṣo lè gba 2,000. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, bírékà á já, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ilé tó wà lórí ampere 10 á gbé kẹ́tùlù náà, àmọ́ kò ní gbé e pọ̀ mọ́ microwave. Ẹ̀rọ mẹ́rin tó tò jọ nínú àpótí tó rẹwà kò já mọ́ nǹkan bí ẹ kò bá lè tan méjì pọ̀. Ẹni tó wà lórí ampere 5, kó kọ́kọ́ fi owó káfíńtà yanjú ọ̀rọ̀ iná.

Àwọn tó wà ní Côte d'Ivoire ní 2021 kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pín iná lọ́gbọọgba nígbà tí omi lọ sílẹ̀ ní àwọn ìdídò tó ń pèsè iná. Ọlọ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì tún wà fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ láti ilé wá. Púlọ́ọ̀gì Nàìjíríà sábà máa ń ní ẹsẹ̀ onígun mẹ́ta, ti Côte d'Ivoire ní ẹsẹ̀ róbótó méjì. Adáptà tí ẹ fi so wọ́n pọ̀ máa ń yọ síta, ó sì ń jẹ àyè lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kó má ṣe wà ní ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: bí 120V nìkan ló wà níbẹ̀, iná 220 á jó o.

Ẹ má sì tan kẹ́tùlù nínú àpótí. Èéfín omi gbígbóná máa ń mú pákó wú, ó sì máa ń bó ọ̀dà. Ẹ fà á síta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Microwave nílò àyè fún atẹ́gùn lókè, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná rẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé.

Eruku àti aáyán

Ká sọ òtítọ́, ohun kan wà tí àpótí yìí fi dára fún Bouaké ju ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀ lọ: ọyẹ́. Ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku máa ń bo gbogbo ohun tó bá wà níta, ẹ ó sì máa fọ blẹ́ńdà tí ẹ kò tíì lò. Ilẹ̀kùn tó pa dé dáadáa á gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Àmọ́ ẹ yan ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó ń ṣí sókè. Èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní máa ń gba epo àti ìyẹ̀fun sáàrin igi wẹẹrẹ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè nù ún tán. Aáyán náà fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀yìn microwave ní pàtàkì. Ẹni tí kò bá ní lè kó gbogbo ẹ̀rọ síta nu àpótí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé ló ń kọ́ fún aáyán.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílé. Ohun tí wọ́n bá kàn mọ́ ògiri ilé háyà, ó ṣòro láti tú u lọ. Àwọn tó wà ní Bouaké ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 mọ̀ bí nǹkan ṣe lè yí padà lójijì. Ọ̀pọ̀ fi ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé nìkan. Lónìí tí ìlú ti rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ẹjìgbò, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìwó. Owó tí ẹ bá rì mọ́ ògiri onílé, ilé tiyín lẹ ti yọ ọ́.

Ní ti tọkọtìyàwó inú àpẹẹrẹ wa, kọ́bọ́ọ̀dù àdádúró ló yẹ wọ́n: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wáyà àti atẹ́gùn, tó ní ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ níwájú. Wọ́n lè gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó lọ. Gáràjì tó mọ́ ògiri di ilé tiwọn, kí wọ́n sì sọ fún oníná kó tó di pé wọ́n rẹ́ ògiri, kó lè fa wáyà sí ibi tó yẹ.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, kó mú ṣọ́ọ̀kì, kó ya ìwọ̀n àpótí náà sórí pẹpẹ, kó tò ẹ̀rọ sínú ìlà, kó sì dáná bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ kẹta pé ẹ ti kó ẹ̀rọ kúrò nínú ìlà kí ẹ lè rí àyè gé ẹ̀fọ́, ẹ má tíì pe káfíńtà.